Ọjọ́ Kan ní Valletta: Ẹ Jẹ́ Kí Kàtídírà Ṣáájú, Kí Omi Kẹ́yìn

Malta ni erékùṣù Melita tí Bíbélì sọ pé Pọ́ọ̀lù gúnlẹ̀ sí nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ rì, Valletta sì ni olú-ìlú rẹ̀. Ìlú náà kéré. Láti ẹnubodè dé odi St Elmo létí òkun, bíi kìlómítà kan péré ni. Ọjọ́ kan tó o, bí ẹ kò bá fi òwúrọ̀ ṣòfò.

Kàtídírà St John ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Aago 9 ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Kí ẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà kó tó lù, torí lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ojú omi ńlá bá gúnlẹ̀, èrò á kún ibẹ̀ fọ́fọ́ láìpẹ́. Wọn kì í gba olùwòran lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ bo èjìká, ẹ má sì wọ bàtà onígìgísẹ̀ ṣóńṣó, torí ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀ yẹn, ibojì ni. Bíi 400 òkúta mábù aláràbarà ló tẹ́ síbẹ̀, wọ́n ya eegun àti agbárí sára ọ̀pọ̀ nínú wọn, gìgísẹ̀ ṣóńṣó sì ń bà wọ́n jẹ́. Nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ kan ni àwòrán tí Caravaggio yà ní 1608 wà, bí wọ́n ṣe bẹ́ Jòhánù Onítẹ̀bọmi lórí. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa: inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lọ́rùn Jòhánù ni ayàwòrán náà kọ orúkọ ara rẹ̀ sí. Kò sí òmíràn nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó fọwọ́ sí. Ẹ má sáré kúrò níwájú rẹ̀.

Tó bá di aago 11:40, ẹ dúró sí ọgbà Upper Barrakka. Aago 12 ni wọ́n ń yin ìbọn àgbá, wọ́n á tún yìn ín ní aago 4. Ọ̀fẹ́ ni lórí ọgbà. Owó ni wọ́n ń gbà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn, àmọ́ òkè ni ẹ ti máa rí gbogbo èbúté. Ẹ di àwọn ọmọdé létí, ariwo rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ẹ̀gbẹ́ ọgbà náà ni lífíìtì oní-mítà 58 tó ń sọ̀ kalẹ̀ sétí omi wà. Òun ni kí ẹ wọ̀. Àtẹ̀gùn ìlú yẹn ń dá orúnkún lágara, òkúta rẹ̀ sì ti dán débi pé bí òjò bá rọ̀, ó ń yọ̀ bí ilá. Nísàlẹ̀, ẹ rékọjá sí Birgu, ìlú tó wà ní òdìkejì èbúté, nínú dgħajsa, ọkọ̀ onígi kékeré. Ẹ béèrè iye kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ sì mú owó wẹ́wẹ́ dání. Èyí gan-an ló dùn jù lọ́jọ́ náà. Láàárín omi, ẹ gbójú sókè wo odi ìlú: lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Ottoman láti ilẹ̀ Tọ́kì dó ti erékùṣù náà ní 1565 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ Valletta lélẹ̀ ní 1566, ẹ ó sì rí i pé ẹ̀rù ogun ló mọ ọ́n.

Fún oúnjẹ, pastizzi gbígbóná tó, ìyẹn ìpápánu oníyẹ̀fun tí wọ́n fi wàràkàṣì tàbí ẹ̀wà sí nínú. Ṣájà Nàìjíríà onírin mẹ́ta wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé London pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ní láti gba físà Schengen, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, kó tó gbéra. Ìwé ìgbélùú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò lè gbé e wọlé.