Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta píánò “fóònù ló ń darí ẹ̀” ní Ìkòròdú

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó orin ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹ̀yin tí ẹ ní gbọ̀ngàn ayẹyẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà lọ́nà Àgíríìkì tó ń ta píánò tòkunbọ̀ tó máa ń dá ara rẹ̀ tẹ̀. Ó ní kò nílò wáyà, pé fóònù yín lẹ ó fi kó orin sínú rẹ̀, ẹ ó sì máa darí rẹ̀ láti orí ìjókòó yín. Irọ́ funfun báláú ni. Mílíọ̀nù mẹ́rin náírà ló gbà lọ́wọ́ wa, owó tí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wa fi ọdún méjì dá jọ.

Fídíò tó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ló mú mi. Ó di fóònù mú, ó fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, àwọn kíì píánò sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, wọ́n ń dìde, láìsí ọwọ́ èèyàn kankan lórí wọn. “Mọ́mì, ẹ fojú ara yín rí i.” Ara mi yá gágá. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán ni mo tó tún fídíò yẹn gbọ́ dáadáa. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, nǹkan kan ń ké “kíri-kíri” lábẹ́lẹ̀. Dísìkẹ́ẹ̀tì, ike pẹlẹbẹ ayé àtijọ́ tí wọ́n ń kó fáìlì sí, ló ń yí nínú àpótí abẹ́ kíì. Òun ló ń darí píánò. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Ibi tí a ò ti mọ̀ ni wọ́n ti ń mú wa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Píánò gidi ni, ó ní òòlù, ó ní okùn irin. Mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kíì 88 tó ní, iná ló ń mú un ti kíì náà. Fáìlì MIDI ló ń pàṣẹ fún un. MIDI kì í ṣe ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ o. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kíì tí yóò tẹ̀, ìgbà tí yóò tẹ̀ ẹ́, àti bí yóò ṣe le tó. Disklavier, irú píánò yìí ti Yamaha tó dé ọjà Amẹ́ríkà ní 1987, dísìkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń kó orin sí i. Àwọn tó ń gba Wi-Fi látilẹ̀ ni irú ENSPIRE tí Yamaha gbé jáde ní 2016, tàbí Spirio ti Steinway tó jáde ní 2015, tí wọ́n ń fi iPad darí. Ẹ ò lè rí ìyẹn rà ní mílíọ̀nù mẹ́rin.

A ti san gbogbo owó tán kí wọ́n tó gbé e dé, torí ó ní ọkọ̀ ò ní dúró. Mo so fóònù mi mọ́ ọn. Bluetooth wọlé. Mo tẹ orin, orin sì jáde! Àwọn ìyá pàtẹ́wọ́, wọ́n ń jó. Ọmọdébìnrin kan tó fara ti píánò ló kọ́kọ́ sọ ọ́: “Mà, kò mà tẹ̀.” Mo wo kíì. Gbogbo wọn dọ́gba pẹrẹsẹ, ọ̀kan ò mira. Sípíkà ló ń kọrin. Mo kúnlẹ̀, mo tan iná fóònù sí abẹ́ rẹ̀. Rísífà kan tó ń gba orin Bluetooth, tí kò ju páálí ìṣáná lọ, ni mo rí, téèpù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, wáyà rẹ̀ sì wọ ihò pupa àti ihò funfun, ibi tí ohùn nìkan ń gbà wọlé, àṣẹ MIDI kò lè gbabẹ̀. Irú èyí tí wọ́n ń pàtẹ lẹ́bàá títì ní Sábó.

Mi ò ní kí ẹ má ra èyí tó ti pẹ́. Bluetooth MIDI gidi wà tó ń wọ ihò róbótó olójú márùn-ún tí wọ́n kọ MIDI sí. Wọ́n sì lè yọ ilé dísìkẹ́ẹ̀tì kúrò, kí wọ́n fi èyí tó ń gba filáàṣì rọ́pò. Àmọ́ kí ọlọ́jà sọ òótọ́ ohun tó ń tà.

Èyí tó dùn mí jù ni ti iná. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbé tiransifọ́mà kan tó ń dín agbára iná kù dání lọ́jọ́ tí wọ́n gbé píánò dé, ó sì gbé e lọ nígbà tó ń lọ, ó ní tàwọn ni, pé àwọn kàn fi dán an wò ni. Lọ́jọ́ Sunday, a ki píánò bọ ògiri. Ó dún gbàù, èéfín sọ. Oníṣẹ́ iná ló ṣí sítíkà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀: 100V ló wà níbẹ̀. Iná Japan nìyẹn, 230 sì ni tiwa. Mo pe ọkùnrin náà, ó ní àwa la ò mọ̀ ọ́n lò. Ó ti bulọ́ọ̀kì mi báyìí.

Tí ẹ bá máa rà, ẹ gbé orin MIDI tiyín dání. Kí wọ́n yọ dísìkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n pa sípíkà, kí ẹ fi fóònù tiyín rán orin náà níṣojú wọn. Kíì ni kí ẹ máa wò, ẹ má wo ẹnu ẹni tó ń tà á. Kí ẹ sì ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ iná.

Ó ṣì ń pín fídíò yẹn kiri, mo tún rí i lánàá. Aṣọ ìkélé aláwọ̀ ewé ló wà lẹ́yìn píánò náà.