Àtíìsì tó kọ ara ògiri hòtẹ́ẹ̀lì wa ní Kàbà: ohun tí mo rí lẹ́yìn ọdún kan ààbọ̀

Hòtẹ́ẹ̀lì ẹbí wa tí mò ń bójú tó ti wà kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní 1991. Nígbà tí a tún un ṣe tán, ẹnu wa ò kò lórí bí a ó ṣe kọ orúkọ sára ògiri. Èmi ni mo ta kú pé ọwọ́ ni kí wọ́n fi kọ ọ́, torí ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ti àkọ́kọ́. Fúlẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ọ̀rá tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ ọ̀rọ̀ sí, tí a kọ́kọ́ gbé kọ́ ẹnu géètì, kò pé ọdún kan tí oòrùn fi jẹ ẹ́ tó fi ṣá.

Àtíìsì náà fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, ó fi sáńpépà fá a, ó kun ọ̀dà ìsàlẹ̀, kó tó ta okùn ẹfun láti fa ìlà.

Ibi tí mo ti gbà fún un jù lọ ni àmì. Lórí fúlẹ́ẹ̀sì, IBI IGBOKOSI ni wọ́n tẹ̀ dípò ibi ìgbọ́kọ̀sí, tí àlejò kan láti Ìbàdàn fi bi mí bóyá igbó ló wà lẹ́yìn ilé. Àtíìsì yìí ní kí n kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sí pépà tàmì-tàmì, kí n sì kà á sí òun létí: Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀, orúkọ yàrá márààrún wa. Ó fi àyè sílẹ̀ lókè fún àmì ohùn àti nísàlẹ̀ fún ẹ̀kán, ìyẹn àmì tó ń wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, ó ní bí lẹ́tà bá kún pátákó dé etí, kò síbi tí ẹ̀kán máa jókòó sí. Ẹ̀kán rẹ̀ nípọn bí ara lẹ́tà gan-an. Láti títì ni mo ti ń kà á.

Mo fẹ́ pupa fòò. Ó ní pupa ni oòrùn máa ń kọ́kọ́ jẹ, pé pupa bí ilẹ̀ wa ló ń pẹ́. Àǹtí mi náà sọ pé pupa aṣọ ìpò, tí àwọn ará Bùnú fi ń sin àgbà, kò yẹ lẹ́nu yàrá oorun. Dúdú la lò, a fi pupa ilẹ̀ sí etí.

Ohun tó dùn mí: ó ṣèlérí ọ̀sẹ̀ méjì, ó lo márùn-ún. Ó sì kọ̀wé sára ògiri ẹ̀gbẹ́ kànga tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ò tíì gbẹ, kò sọ fún wa pé ó yẹ ká dúró. Nígbà tí òjò dé, ọ̀dà wú, ó bó. Ó padà wá, owó ọ̀dà nìkan ló gbà.

Gbogbo owó iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti fúlẹ́ẹ̀sì mẹ́ta. Lẹ́yìn ọyẹ́, aṣọ tútù nìkan la fi ń nù ún. Kí ẹ tó san owó tó kù fún àtíìsì yín, ẹ gba pépà tó fi abẹ́rẹ́ lu ìrísí lẹ́tà sí, pẹ̀lú ìyókù ọ̀dà nínú agolo tó ní ìdérí. Bí apá kan bá ṣá, èédú lẹ́bú lẹ máa fi lu ihò pépà náà, lẹ́tà àtijọ́ á sì tún yọ síbi tó wà gẹ́lẹ́. Mẹ́jọ ló fi sílẹ̀ fún mi, wọ́n wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.