Ọ̀dà Tamiya PS tí mo fi kun bọ́dì Barracuda mi: ẹ gbọ́ bó ṣe rí

Mọ́tò kékeré tá à ń fi rìmóòtù sá lójú ọ̀nà títọ́ yìí, bíi ìṣẹ́jú àáyá 2 báyìí ni eré ẹ̀ fi ń parí. Ẹsẹ̀ bàtà 132 la máa ń sá torí pé 1320 ni ti mọ́tò gidi, tiwa sì jẹ́ ìdá kan nínú 10 rẹ̀, iná gíríìnì tàn báyìí, kéèyàn tó ṣẹ́jú wọ́n ti dé òpin. Bọ́dì yẹn gan-an lèèyàn ń bá gbé, òun là ń wò lórí tábìlì lálẹ́, òun làwọn èèyàn máa ń wá bẹ̀rẹ̀ wò kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n sọ̀rọ̀ nípa Tamiya PS, ọ̀dà inú agolo tí wọ́n máa ń fín, tí mo fi kun tèmi, torí mò ń rí àwọn tó ń fi owó gidi ra bọ́dì, wọ́n á wá lọ fi ọ̀dà tí ò yẹ bà á jẹ́, ó sì máa ń dùn mí.

Houston ni mò ń gbé. Látìgbà tí wọ́n ti ti Houston Raceway Park, pápá eré ìje mọ́tò tó wà ní Baytown, pa lọ́dún 2023, tí mi ò lè lọ síbẹ̀ mọ́ lọ gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì tó máa ń mì èèyàn láyà jìgìjìgì, mo pinnu pé màá fi ọwọ́ ara mi ṣe ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò ayé àtijọ́ yẹn. Barracuda yẹ́lò ti Don Prudhomme ni mo mú, awakọ̀ eré ìje tí wọ́n ń pè ní Snake. Òun àti Tom McEwen, tí wọ́n ń pè ní Mongoose, ni ilé iṣẹ́ Mattel tó ń ṣe Hot Wheels ṣe onígbọ̀wọ́ fún lọ́dún 1970, ọ̀kan gun Barracuda yẹ́lò, ìkejì gun Duster pupa.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ò tíì kun irú ẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Léksáànì, irú ike kan, ni wọ́n fi ń ṣe bọ́dì yìí, ó mọ́ gaara bí ike omi, inú ẹ̀ lèèyàn sì ti ń kùn ún, kì í ṣe òde. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fín síbẹ̀ ló máa wà lókè tójú á rí, èyí tẹ́ ẹ bá fín kẹ́yìn ló máa sá pa mọ́ sábẹ́. Ẹni tó bá fín yẹ́lò tán kó tó rántí ìlà dúdú, ìlà yẹn ò ní hàn mọ́ láéláé. Nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn náà, yíyí padà lẹ máa gé e, bí ìgbà téèyàn ń wo ìwé nínú dígí. Mo jókòó ti bébà àti pẹ́ńsù fún ìrọ̀lẹ́ kan gbáko kí n tó mọ èyí tó máa ṣáájú.

Bọ́dì tí mo ṣe ṣáájú eléyìí, ọ̀dà ilé lásán ni mo fi kùn ún. Ó dán o, ó rẹwà, àmọ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ forí sọ ògiri, ńṣe ni ọ̀dà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí èèpo àlùbọ́sà. Bọ́dì yìí máa ń tẹ̀ ni, kì í fọ́, ọ̀dà tí ò bá lè bá a tẹ̀ á kúrò lára ẹ̀. Tamiya PS yìí, nítorí léksáànì ni wọ́n ṣe ṣe é, ó ń jẹ wọnú ike yẹn díẹ̀, ó sì dì mọ́ ọn. Tèmi ti já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta báyìí, ẹ̀ẹ̀kan tiẹ̀ wà tó gbé imú sókè tó yí dànù pátápátá, ọ̀dà ò ṣí níbì kankan.

Bí mo ṣe ṣe é nìyí. Mo fi ọṣẹ ìfọ-àwo fọ inú bọ́dì yẹn dáadáa, mo jẹ́ kó gbẹ, mi ò sì fi ìka kàn án mọ́ torí ọ̀rá ọwọ́. Mo lẹ ìbòjú wíńdò, mo lẹ tépù bo ibi tí ìlà ò ní gbà, mo fi èékánná tẹ etí ẹ̀ mọ́lẹ̀. PS-5 dúdú ló kọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn náà mo ṣí tépù, mo wá fín PS-6 yẹ́lò. Ẹ máa fín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ tún fín, ẹni tó bá kánjú dà á lù ú, á ṣàn wọ abẹ́ tépù ni (ìlà òsì tèmi ní ibi kan tí dúdú ti yọ́ jáde, ìkánjú mi ló fà á). Kẹ́ ẹ tó fín, ẹ ti agolo yẹn bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, kì í ṣe omi gbígbóná o, á tú jáde kúnná bí ìrì. Ẹ má sì ṣe é lọ́jọ́ tí ọ̀rinrin pọ̀, ní Houston níbí ó gba kí n dúró ọjọ́ mẹ́rin. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti fín in, ẹ fi nǹkan bo imú, òórùn ẹ̀ le gan-an.

Yẹ́lò yẹn lẹ̀rù ẹ̀ bà mí jù. Agolo kan, mílílítà 100, dọ́là 9 àti sẹ́ńtì díẹ̀ ni mo rà á, mo lò ó tán, síbẹ̀ mo gbé bọ́dì yẹn sójú oòrùn, mo ń rí ọwọ́ mi látòdì kejì. Mo ra ìkejì. Ìgbà tí mo wá fín PS-1 funfun sẹ́yìn ẹ̀ ló tó jí, ó mọ́lẹ̀ yòò bí ìyeyè tó pọ́n. Torí náà ẹ má ra yẹ́lò láìra funfun mọ́ ọn, kò ní dá ṣiṣẹ́.

Mo ṣí ìbòjú wíńdò, mo fín PS-31 tó dà bí èéfín síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, mo wá bó náílọ́ọ̀nù tó ń dáàbò bo òde bọ́dì yẹn. Háà! Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi jáde lálẹ́ yẹn kó wá wò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń to mọ́tò àtòpọ̀ bíi ti AMT àti Revell, ọ̀dà yìí kì í ṣe tiyín o, ó lè jẹ ike líle yẹn bà jẹ́. TS ni kẹ́ ẹ béèrè, ti Tamiya náà ni, òde sì lẹ máa kùn.

Àlébù tí mo rí sí i ò ju pé agolo ẹ̀ kéré. Mo ti ra PS-2 pupa, agolo méjì lẹ́ẹ̀kan náà lọ́tẹ̀ yìí, Duster ti Mongoose ló kàn, ọmọ mi ọkùnrin sì ti ní òun lòun máa gé nọ́ńbà ẹ̀.