Ìyẹ̀fun ewéko òkun fún èso gígé: ẹ rà á, àmọ́ ẹ fi àpò kejì sílẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gé èso fún òde ní Lọ́ńdọ̀nù bíi tèmi, ẹ gbọ́ o. Nylon tá a fi ń wé ápù àti ọ̀pẹ̀yìnbó ti sú mi pátápátá. Bí òde bá tú, òun ló máa ń kún àpò ìdọ̀tí. Ní 2019, nígbà tí wọ́n sá eré Marathon níbí, inú awọ tí ilé-iṣẹ́ Notpla fi ewéko òkun ṣe ni wọ́n bu Lucozade sí fún àwọn sáré-sáré. Látìgbà yẹn ló ti wà lọ́kàn mi, kí n tó wá ra àpò méjì yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì: sodium alginate, ìyẹ̀fun tí wọ́n ń yọ lára ewéko òkun, àti calcium chloride, iyọ̀ tó ń mú kí alginate dì.

Gíráàmù 2 alginate ni mo ń pò sínú 100 mílílítà omi. Ẹ máa wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ bí blender ṣe ń yí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á di kókó. Tó bá pò pọ̀ tán, á máa fà bí ewédú, á sì kún fún ìfófòó. Fìríìjì ni kó sùn kí ìfófòó náà tó lọ. Mo máa ń kán glycerin díẹ̀ sí i kí awọ rẹ̀ má baà gan. Ẹ ri èso bọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó ro, kí ẹ wá rì í sínú omi calcium. Lójú ẹsẹ̀ ni ohun tó ń yọ̀ yẹn yóò di awọ tó mọ́ gaara, tẹ́ ẹ lè fi èékánná bó, tẹ́ ẹ sì lè jẹ pẹ̀lú èso náà. Sodium alginate yìí ni E401 tẹ́ ẹ máa ń rí lára páálí oúnjẹ.

Ọ́síjìn kì í ráyè wọ inú awọ yìí dáadáa, nítorí náà ápù mi kì í tètè dú mọ́, pàápàá tí mo bá fi fítámì C sí omi calcium náà. Ọ̀pẹ̀yìnbó ní tirẹ̀ lómi jù. Tẹ́ ẹ ò bá kọ́kọ́ nù ún gbẹ, awọ náà á yọ́ kúrò lára rẹ̀.

Calcium chloride ni mi ò fẹ́ràn rárá. Ó korò, ìkorò rẹ̀ sì máa ń kù sẹ́nu lẹ́yìn téèyàn ti gbé èso mì. Calcium lactate ni kẹ́ ẹ lò, kò korò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ta àpò méjèèjì fún mi tún ní n ò nílò fìríìjì mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀! Awọ yìí kì í dá omi dúró bíi nylon, kì í sì í pa ohun tó ń mú kí èso bu. Ẹ gbé èso yín sínú òtútù.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún alginate náà. Àpò kejì, 1.