Histoire/Geschichte: ìwé ìtàn kan fún kíláàsì Faransé àti ti Jámánì

Apá mẹ́ta ni ìwé yìí, iléeṣẹ́ Nathan ní Paris àti Klett ní Jámánì ló jọ tẹ̀ ẹ́ fún kíláàsì gíga ní girama. Ohun tó wà lójú ewé kan ní èdè Faransé náà ló wà lójú ewé yẹn ní èdè Jámánì, àtàwòrán àti máàpù. Àwọn ọ̀dọ́ tó pé jọ sí Berlin ní oṣù Kìíní 2003, nígbà tí àdéhùn Élysée, ti ọ̀rẹ́ láàárín Faransé àti Jámánì, pé 40 ọdún, ló bẹ̀bẹ̀ fún un. Apá tó dá lé 1945 wá síbí ló kọ́kọ́ jáde ní 2006, ti 1815 sí 1945 tẹ̀ lé e ní 2008, ti ayé àtijọ́ dé 1815 wá gbẹ̀yìn ní 2011.

Olùkọ́ tí owó rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ, ti 2008 ni kó rà. Inú rẹ̀ ni ogun Faransé àti Jámánì ní 1870, ìjà Verdun ní 1916, àdéhùn Versailles àti Hitler wà, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń dun tọ̀tún tòsì. Ti 2006 náà dára, pàápàá níbi tí ojú tí Faransé fi ń wo Amẹ́ríkà ti yàtọ̀ sí ti Jámánì. Ti 2011 lè dúró ná.

Abala tó ń fi ojú ìlú méjèèjì wo ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹran inú ọbẹ̀. Ẹni tó bá fò ó nítorí àkókò ti náwó dànù.

Ẹ wo Versailles, àdéhùn tí Jámánì fọwọ́ sí lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti 1919, àwọn ọmọ Jámánì á ní ìyà ni wọ́n fi jẹ àwọn, ti Faransé á ní ó tọ́ sí wọn, ariwo á sì gba kíláàsì kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1871. Gbọ̀ngàn Dígí ní Versailles ni wọ́n ti kéde ìjọba Jámánì ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún yẹn. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti mú Jámánì fọwọ́ síwèé ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà 1919. Ẹ gbé àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ má tíì sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ẹ kọ owó sójú pátákó: bílíọ̀nù 5 fránkì tí Jámánì gbà lọ́wọ́ Faransé lẹ́yìn 1871, àti bílíọ̀nù 132 máàkì góòlù tí wọ́n bù lé Jámánì ní 1921. (Kí wọ́n má fi bílíọ̀nù wọn bílíọ̀nù o, owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, Faransé sì ti san tirẹ̀ tán ní 1873.) Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí wọ́n tó ka abala 231 nínú àdéhùn náà, èyí tó di ẹ̀bi ogun ru Jámánì. Ìwé tí ará Jámánì kọ ni kí ọmọ Faransé gbà, kí ọmọ Jámánì gba ti Faransé, kí kálukú fi gbólóhùn mẹ́ta sọ ohun tó ń bí òǹkọ̀wé yẹn nínú. Ẹ má ní kí ẹnikẹ́ni gbèjà ìlú rẹ̀. Gbogbo èyí wọ inú ìṣẹ́jú 55 tí wọ́n ń lò ní Faransé. Nínú 45 ti Jámánì, ẹ gbé kíkọ sí ọjọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó máa ń da wàhálà sílẹ̀: Reich, tí àwọn ará Jámánì ń pe ìjọba ńlá. Faransé ń pe ti 1871 ní Empire, wọ́n wá fi Reich sílẹ̀ bó ṣe wà fún ti Hitler. Ọmọ Faransé á wá rò pé Hitler ló ni ọ̀rọ̀ náà, ọmọ Jámánì kò sì ní mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ẹ tú u palẹ̀ kí ẹ tó ṣí ìwé.

Ibi tí ìwé yìí ti kù káàtó ni ìdánwò. Ìpínlẹ̀ 16 ló wà ní Jámánì, kálukú pẹ̀lú sílébọ́ọ̀sì tirẹ̀. Ẹyọ kan ni ti Faransé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà láti 2010, kí apá tó gbẹ̀yìn tiẹ̀ tó jáde. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé kíláàsì elédè méjì, irú ti AbiBac níbi tí ọmọ ti ń gba ìwé ẹ̀rí girama Faransé àti ti Jámánì pọ̀, ló bá mu jù. Ní kíláàsì yòókù, ẹ fi ṣe ìwé àfikún.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á fún kíláàsì elédè méjì, ẹ má ra èdè kan ṣoṣo. Ẹ̀dà Faransé kan àti ti Jámánì kan tó ọmọ méjì lórí tábìlì kan. Nọ́ńbà ojú ewé nìkan lẹ óò pè, àwọn méjèèjì á sì débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.