Wọ́n gé iwájú ẹsẹ̀: fóòmù inú bàtà, pátákó kábọ́ọ̀nù, sílíkọ́ọ̀nù àbí èyí tó gun ojúgun, èwo ni kí ẹ rà?

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bi dókítà yín ibi tí ọ̀bẹ dúró sí gan-an. Ẹni tó pàdánù ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì àti ẹni tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ dé àárín kò lè ra ọjà kan náà, bí ontàjà bá tilẹ̀ ń kó o lé àwọn méjèèjì lọ́wọ́.

Tí a bá ń rìn, gìgísẹ̀ ló ń kọ́kọ́ balẹ̀, ìwúwo ara á sún síwájú, iwájú ẹsẹ̀ la ó sì fi ti ilẹ̀ ká tó gbé e. Bí iwájú yẹn kò bá sí mọ́, ara kì í fẹ́ sún dé etí kùkùté (ibi tó ṣẹ́kù lára ẹsẹ̀ náà), ìgbésẹ̀ ẹsẹ̀ kejì á wá kúrú. Ohun tí mo fi ń wo ọjà kọ̀ọ̀kan nìyí: ṣé ó dá agbára títi ilẹ̀ yẹn padà, àbí àyè inú bàtà lásán ló ń dí?

Ìtẹ́ inú bàtà tó ní fóòmù níwájú, àyè ló ń dí. Kò wúwo, kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ̀ síwájú, kì í sì í jẹ́ kí imú bàtà ká wọlé wá gún kùkùté. Ẹni tó pàdánù ọmọ ìka kéékèèké kan tàbí méjì lè má nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kọjá ibẹ̀, fóòmù rọ̀ jù.

Pátákó kábọ́ọ̀nù tinrin, ó sì le, abẹ́ ìtẹ́ yẹn ló ń wọ̀. Ẹ má rà á láìtún ìsàlẹ̀ bàtà ṣe: àfi kí iwájú ìsàlẹ̀ náà rọ́ sókè bí ìdí ọkọ̀ ojú omi, kí ẹsẹ̀ lè yí kọjá. Pátákó àti irú ìsàlẹ̀ bàtà yẹn pa pọ̀ ni mo máa ń dábàá fún ẹni tí wọ́n gé egungun iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárín, tí awọ ibẹ̀ sì ti san dáadáa.

Sílíkọ́ọ̀nù, ohun rírọ̀ bíi rọ́bà, rẹwà. Ó lè jọ ẹsẹ̀ gidi débi tí ẹ ó fi wọ sálúbàtà. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kì í wọ̀ ọ́, òógùn á kún inú rẹ̀, ojoojúmọ́ lẹ ó máa fọ̀ ọ́. Èyí tó parí sábẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ran ìrìn lọ́wọ́. Ẹwà lẹ ń rà, kò sì sí àbùkù níbẹ̀, bí ẹ bá ti mọ̀.

Èyí tó gun ojúgun nìkan ni mo gbà pé ó ń dá gígùn ẹsẹ̀ padà dáadáa. Ojúgun á fara ti ike iwájú rẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ kò ní tẹ̀, ìwúwo á wá lè dé imú bàtà láìgba orí kùkùté kọjá. Ó gbóná, ó tóbi, àtẹ̀gùn àti òkè á le díẹ̀. Bí ìwé yín bá sọ Lisfranc tàbí Chopart (orúkọ oníṣẹ́ abẹ Faransé méjì ni, tí wọ́n fi ń pe oríṣi gígé méjì tó dé àárín ẹsẹ̀), ẹ kọ́kọ́ bèèrè èyí. Ní irú ibi tí wọ́n gé sí yẹn, iṣan tó ń gbé ẹsẹ̀ sókè ti pàdánù ìdí rẹ̀, iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ á wá máa fa ẹsẹ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ yín ní ìrìn nílé ìwòsàn gbọ́dọ̀ máa na iṣan náà, ohun yòówù kí ẹ rà.

Ẹ má ra èyí tí ẹ ó máa lò títí lọ nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì wú. Kùkùté á ṣì fọn. Ẹ bèèrè bóyá àtúnṣe wà nínú owó náà. Wákàtí kan tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì yẹ awọ wò, pàápàá bí ìtọ̀ ṣúgà bá ti pa ẹsẹ̀ yín kú, tí ẹ kò mọ ìrora mọ́. Bí ojú ibẹ̀ bá ṣì pọ́n lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, ẹ bọ́ ọ, kí ẹ gbé e padà fún wọn.

Lọ́jọ́ ìwọ̀n, bàtà méjèèjì ni kí ẹ mú lọ. Gíga gìgísẹ̀ bàtà ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹsẹ̀ kejì náà sì ti ń ru kún ẹrù rẹ̀.