Ìkìlọ̀: wọ́n ń kun tie rod end tó ti jẹ, wọ́n ń tà á bíi tuntun

Ẹ̀yin tó ń wa Corolla 2003 sí 2008, Camry àtijọ́, Golf 3 àti àwọn ọkọ̀ àgbà bẹ́ẹ̀, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó gbé owó lọ sí Ládípò, Owódé Onírin, Àràròmí ní Ìbàdàn, tàbí ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ yòówù tó bá sún mọ́ yín. Tie rod end àti rack end, àwọn ọ̀pá tó so sítíárìn mọ́ táyà iwájú, tí àwọn mẹkáníìkì ti tú dànù ń padà sórí káńtà nínú ọ̀rá tuntun, pẹ̀lú páálí, pẹ̀lú iye owó ti tuntun. Oníṣòwò olóòótọ́ pọ̀ nínú ọjà, iṣẹ́ yìí sì ń ba orúkọ tiwọn náà jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ohun tó yẹ kó wò, báwo ló ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó?

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Nínú tie rod end, bọ́ọ̀lù irin kan wà nínú ife irin, ike líle ló yí bọ́ọ̀lù náà ká, gírísì sì wà láàrin wọn. Ike yìí ló máa ń jẹ. Tó bá ti jẹ, bọ́ọ̀lù á máa mì nínú ife, ẹ ó máa gbọ́ kó-kó-kó bí ọkọ̀ bá wọ kòtò, ọkọ̀ á sì máa rìn gbéregbère lójú ọ̀nà. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú yìí kì í fi ike tuntun sí i. Àwọn kan á fi òòlù àti pọ́ńṣì lu etí ife náà yíká kó lè fún bọ́ọ̀lù mọ́. Àwọn mìíràn á lu ihò sí ìdí ife, wọn á da ike yíyọ́ sí i, wọn á sì jó ihò náà pa. Lẹ́yìn náà, wọn á fi epo bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, wọn á fín ọ̀dà dúdú sí i, wọn á gbé rọ́bà tuntun wọ̀ ọ́. Rọ́bà yẹn nìkan ni nǹkan tuntun tó wà lára rẹ̀.

Ó máa ń le lọ́wọ́, ohun tó sì ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ike yíyọ́ kò ní agbára ti ilé iṣẹ́, kòtò ojú ọ̀nà yóò fọ́ ọ, etí ife tí wọ́n lù yóò sì tún máa ṣí díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù bá yọ jáde pátápátá, táyà iwájú kan yóò yà síbi tó wù ú, sítíárìn yóò wà lọ́wọ́ yín, kò sì ní rí i mú. Ẹ fojú inú wo ìyẹn lórí Márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò nínú ọ̀rá. Ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e sínú oòrùn. Ẹ yí ìdí ife sókè. Nílé iṣẹ́, ẹ̀rọ ló ń ká etí ìdérí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó máa ń yípo dọ́gba. Tí ẹ bá rí àpá kéékèèké tó tò yíká bí ojú pọ́ńṣì, tàbí ibi tó wú bí ojú ibi tí wọ́n jó, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ẹ fi ẹnu kọ́kọ́rọ́ ha ọ̀dà rẹ̀ díẹ̀: irin tuntun kì í dógùn-ún lábẹ́ ọ̀dà, ojú rẹ̀ kì í sì í rí kòtò-kòtò. Ẹ wo eyín tí nọ́ọ̀tì ń lọ́ mọ́. Ọ̀dà tó dì sáàrin eyín, tàbí eyín tí orí rẹ̀ ti pẹlẹbẹ, ti ríṣẹ́ rí. Ẹ tún wo ibi tó ṣe ṣóńṣó, tó máa ń wọ inú knuckle (irin tí táyà iwájú dúró lé). Òrùka dídán níbẹ̀ túmọ̀ sí pé ó ti jókòó nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ di ife mú, kí ẹ fi ọwọ́ kejì yí ọ̀pá tó yọ jáde lára bọ́ọ̀lù rẹ̀ káàkiri. Ojúlówó máa ń le, ṣùgbọ́n líle rẹ̀ dọ́gba níbi gbogbo, ó sì ń yọ̀ lọ. Èyí tí wọ́n tún ṣe yóò há níbì kan, yóò sì dẹ̀ lójijì níbòmíràn, tàbí kó máa rin bíi pé yanrìn wà nínú rẹ̀. Ẹ tún fà á sókè sódò. Kò gbọdọ̀ mì rárá. Ẹ má gbé ọkàn lé nọ́ńbà ara páálí. Lóòótọ́, 45503 ni nọ́ńbà rack end Toyota fi ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó lè tẹ páálí lè tẹ nọ́ńbà náà.

Ẹ̀tàn mìíràn tún wà tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á fi ojúlówó hàn yín, ẹ ó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ó sanwó, ọmọ ṣọ́ọ̀bù á wá ní, "Ẹ jẹ́ n bá yín mú páálí ẹ̀ wá lẹ́yìn." Òmíràn ló máa padà wá. Ẹ fi bírò sàmì sí i kẹ́ ẹ tó sanwó, kó má sì kúrò lọ́wọ́ yín mọ́.

Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹni tó tà á kọ ọ́ síbẹ̀ pé tuntun ni, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, àti ọkọ̀ tó wà fún. Ẹni tó bá kọ̀ láti kọ "tuntun", ẹ kúrò níbẹ̀. Òfin ọdún 2018 tí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń lò sọ pé ẹni tó bá ń ta àlòkù tàbí ohun tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ gbangba. Nítorí náà, "ọjà tí a bá ti tà kò ṣeé dá padà" tí wọ́n kọ sára ògiri kò gba ẹni tó pe àlòkù ní tuntun sílẹ̀. Ẹ lè fi ẹjọ́ sùn wọ́n, rìsíìtì yẹn sì ni ẹ̀rí yín.

Lójú tiwa, tòkunbọ̀ tí wọ́n pè ní tòkunbọ̀ sàn ju irú "tuntun" yìí lọ, nítorí ẹ mọ ohun tí ẹ rà. Àmọ́ a ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti ra ohun tó ń jẹ bí èyí ní tòkunbọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ dè é fúnra yín nílé, ibẹ̀ náà ni àyẹ̀wò ìkẹyìn wà. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì táyà kí ẹ tó fi jáàkì gbé e, kí ẹ sì ti ẹsẹ̀ irin bọ abẹ́ ọkọ̀; jáàkì nìkan kò tó. Bí ẹ bá ń tú ti àtijọ́ kúrò lára rack end, ẹ ka iye ìgbà tó yí, iye yẹn náà ni kí ẹ fi yí tuntun wọlé. Ẹ fi ọwọ́ lásán ti ṣóńṣó rẹ̀ sínú knuckle kí ẹ sì mì í. Bó bá ń mì, tàbí tí nọ́ọ̀tì dé òpin eyín tí kò tíì fún, kì í ṣe ti ọkọ̀ yín, ẹ má fi ipá mú un. Lára Corolla 2003 sí 2008, sípánà 17 ni nọ́ọ̀tì ṣóńṣó yìí ń lò, ìwọ̀n agbára tí ẹ ó fi fún un sì jẹ́ 49 Nm. Bí ihò split pin (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú) kò bá tíì bá ara mu, ẹ fún un síwájú díẹ̀ sí i, ẹ má ṣe dẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Split pin tuntun ni kí ẹ lò. Nọ́ọ̀tì táyà, 103 Nm. Ẹ lọ ṣe alignment lọ́jọ́ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, táyà ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Èyí tó ti jẹ tí ẹ tú sílẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni òwò yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń rà á lọ́wọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì àti àwọn tó ń ṣa irin kiri. Bí ẹ bá gbé e lọ sọ́jà láti fi ra irú rẹ̀, ẹ gbé e padà wálé. Ẹ fi ayùn irin gé ọ̀pá bọ́ọ̀lù rẹ̀ kúrò kí ẹ tó jù ú nù.